Fífi Purotéènì Ohun Ọ̀gbìn Rọ́pò Ẹja Lílọ̀ Nínú Oúnjẹ Ẹja Àrọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Olùsìn Ẹja

Ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀, ìbáà ṣe ní Ìkòròdú, ní Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí nínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé ní Ìbàdàn, mọ̀ pé oúnjẹ ló ń kó owó lọ jù nínú iṣẹ́ náà. Nínú 100 náírà tí olùsìn bá ná títí ẹja yóò fi dé ọjà, 60 sí 70 ló sábà máa ń bá oúnjẹ lọ. Nínú oúnjẹ yìí kan náà, ohun tó wọ́n jù ni ẹja lílọ̀, èyí tí gbogbo ilé ìlọúnjẹ ẹran mọ̀ sí fishmeal, òkèèrè sì ni púpọ̀ nínú èyí tó dára ti ń wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí náírà yóò máa jẹ́ sí dọ́là, owó gbogbo ohun tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé sì fò sókè. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ilẹ̀ Peru, tó ń ta ẹja lílọ̀ jù ní àgbáyé, fagi lé sáà ìpẹja àkọ́kọ́ ti ọdún náà ní etíkun àríwá àti àárín rẹ̀, nítorí pé ẹja wẹẹrẹ tí kò tíì dàgbà ló pọ̀ jù nínú omi tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́. Ní tòsí wa níbí, ní Sẹ̀nẹ̀gà, Gáḿbíà àti Mauritania, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń lọ irú ẹja bíi ṣáwá, tí ènìyàn ìbá fi jẹ oúnjẹ ní ilé, kí wọ́n lè tà á fún àwọn tó ń bọ́ ẹja àti ẹran.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ó yẹ kí olùsìn ẹja àrọ̀ mọ bí a ṣe ń fi sóyà, ẹ̀pà, yánmọtí àti irú wọn rọ́pò apá tó pọ̀ nínú ẹja lílọ̀. Kì í ṣe ohun tuntun lágbàáyé. Ní ilẹ̀ Nọ́wè, ní ọdún 1990, nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 oúnjẹ ẹja salmon ló jẹ́ purotéènì tó ti inú òkun wá. Nígbà tó fi di ọdún 2016, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 15, ohun ọ̀gbìn ló sì gba ipò rẹ̀. Salmon ẹja ajẹran ni, ìfun rẹ̀ sì máa ń bínú sí sóyà. Ẹja àrọ̀ tiwa, tó ń jẹ ẹran tó sì ń jẹ ewéko, tó sì lè mú sítáàṣì dà dáadáa, rọrùn láti yí padà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti gbìyànjú rẹ̀ tí ẹja wọn kò dàgbà, tí wọ́n sì wí pé sóyà kò dára. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ kílò kan ẹja lílọ̀, wọ́n fi kílò kan sóyà sí i. Iṣẹ́ tí ẹja lílọ̀ ń ṣe nínú oúnjẹ ni a gbọ́dọ̀ wá arọ́pò fún, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dá lé èyí. Níbikíbi tí mo bá ti kọ "ìdá", ìdá nínú 100 ni.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Mọ iṣẹ́ tí ẹja lílọ̀ ń ṣe kí ẹ tó yọ ọ́

Ẹja lílọ̀ tó dára ní purotéènì ìdá 60 sí 72. Soya cake, ìyẹn sóyà tí a ti fún òróró rẹ̀ kúrò, ní ìdá 44 sí 48. Ẹni bá wo èyí nìkan yóò rò pé bí a bá ti fi sóyà sí i púpọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé purotéènì fúnra rẹ̀ jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn èròjà kéékèèké tí a ń pè ní àmínò ásíìdì, ẹja kò sì lè dá mẹ́wàá nínú wọn ṣe nínú ara rẹ̀. Èyí tó bá kéré jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò pinnu bí ẹja yóò ṣe dàgbà tó, bí àwọn yòókù tilẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Ara yóò kàn sun èyí tó kù bí epo ni, yóò sì tú u sínú omi bí amóníà, tí yóò ba omi yín jẹ́.

Méjì ló máa ń fa wàhálà: lysine àti methionine. Ẹja lílọ̀ ní lysine tó tó nǹkan bí ìdá 4.5 sí 5, ó sì ní methionine tó sún mọ́ ìdá 2. Soya cake ní lysine nǹkan bí ìdá 2.8, èyí tó dára fún ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 0.6 lọ. GNC, ìyẹn ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀, ní purotéènì tó tó ti sóyà, ṣùgbọ́n lysine rẹ̀ kò ju ìdá 1.5 tàbí díẹ̀ lé e, methionine rẹ̀ sì tún kéré sí ti sóyà. Ìdí nìyí tí oúnjẹ tó kún fún GNC nìkan kì í fi í jẹ́ kí ẹja dàgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìdánwò yóò sọ pé purotéènì rẹ̀ pé.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí ẹja lílọ̀ ń ṣe láìsọ̀rọ̀. Eegun inú rẹ̀ ń fún ẹja ní phosphorus àti calcium. Òórùn rẹ̀ ń pe ẹja wá sí oúnjẹ. Òróró inú rẹ̀ ní omega-3 tó ń ṣe ẹja àti ẹni tó ń jẹ ẹja lóore. Ó sì máa ń dà kíákíá nínú ìfun. Bí ẹ bá yọ ọ́, ìbéèrè mẹ́rin ni ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn: kí ni yóò mú methionine wá, kí ni yóò mú phosphorus wá, kí ni yóò mú ẹja fẹ́ jẹun, kí ni yóò sì mú kí oúnjẹ dà?

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹja wo ni ẹ fẹ́ bọ́?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹja. Ọmọ ẹja àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun ń fẹ́ purotéènì ìdá 50 sí 55, ìfun rẹ̀ kò sì tíì gbó tó láti mú ohun ọ̀gbìn púpọ̀ dà. Oúnjẹ tí a rà ni kí ẹ fi bọ́ ọ títí yóò fi tó nǹkan bí gíráàmù 50. Owó tí ìyẹn ń gbà kò tó nǹkan, nítorí pé oúnjẹ tí ọmọ ẹja ń jẹ kéré. Láti gíráàmù 50 sókè, tí ẹja ń fẹ́ ìdá 40 sí 42, ẹ lè yọ tó ìdajì ẹja lílọ̀. Nígbà tí ẹja bá kọjá gíráàmù 200, tí ìdá 38 sí 40 ti tó o, ẹ lè dín ẹja lílọ̀ kù sí ìdá 8 nínú oúnjẹ tàbí kí ó tún kéré sí i, bí ẹ bá ṣe ìyókù bí ó ti yẹ. Ìgbà yìí náà ni ẹja ń jẹ oúnjẹ tó pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni èrè wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Yan ohun tí ẹ máa fi rọ́pò

Sóyà ni ìpìlẹ̀. Bẹnue ni ojúko rẹ̀ ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn sì ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irúgbìn rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Oríṣi méjì ni ẹ ó rí: soya cake tí ilé iṣẹ́ ti fún òróró rẹ̀, àti sóyà odindi tí a yan, tó ní purotéènì ìdá 36 sí 38 àti òróró nǹkan bí ìdá 18.

GNC ni ìkejì. Ó dùn lẹ́nu ẹja, ó sì máa ń jẹ́ kí oúnjẹ mú ara wọn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ju ìdá 20 lọ nínú oúnjẹ nítorí lysine rẹ̀ tó kéré àti nítorí májèlé tí màá ṣàlàyé níwájú.

Yánmọtí, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní beniseed, ni mo rí pé ọ̀pọ̀ olùsìn kò kà sí. Èyí tí a ti fún òróró rẹ̀ ní purotéènì ìdá 40 sí 45, ó sì ní methionine tó lé ní ìdá 1, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti sóyà. Lysine ni kò ní. Nítorí náà, sóyà àti yánmọtí ń bo àṣírí ara wọn: ohun tí ọ̀kan kò ní, èkejì ní in. Bí ẹ bá rí i rà, ìdá 5 sí 10 dára. Hóró òdòdó oòrùn, ìyẹn sunflower, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ pọ̀.

PKC, ìyẹn ekùrọ́ tí a ti fún àdín rẹ̀, pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ó sì gbọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ kò ju ìdá 14 sí 20 lọ, èèpo àti okùn inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ẹ má ka PKC sí purotéènì. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ipò àgbàdo ni kí ẹ fi í sí, kí ó má sì ju ìdá 5 lọ. Hóró òwú tí a ti fún òróró rẹ̀ ní májèlé kan tó ń jẹ́ gossypol, tó ń ba ibi ìbímọ ẹran jẹ́, nítorí náà ẹ má fi sínú oúnjẹ ẹja tí ẹ fẹ́ gba ẹyin lára rẹ̀ rárá. Nínú ti ẹja títà, kí ó má ju ìdá 10 lọ. Ewé moringa gbígbẹ ní purotéènì ìdá 25 sí 30, ewé ẹ̀gẹ́ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ewé ẹ̀gẹ́ ní májèlé sáyánáìdì, a gbọ́dọ̀ gé ewé náà wẹ́wẹ́ kí a sì sá a kí májèlé náà tó lọ, méjèèjì sì máa ń korò bí wọ́n bá pọ̀. Wèrèpè àti hóró rọ́bà tútù, ẹ jìnnà sí wọn.

Láti mọ èyí tó ṣòfò àti èyí tó jèrè, ẹ má ṣe fi owó àpò wé owó àpò. Ẹ ṣírò iye tí kílò purotéènì kan ń jẹ́. Ká ṣe bí ẹni pé 50 kílò soya cake jẹ́ 45,000 náírà, purotéènì rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 45: kílò 22.5 purotéènì ló wà nínú àpò náà, kílò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 2,000 náírà. Bí 50 kílò ẹja lílọ̀ tó ní ìdá 65 bá jẹ́ 130,000 náírà, kílò 32.5 purotéènì ló wà níbẹ̀, kílò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 4,000 náírà. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni wọ̀nyí. Iye tí ọjà yín ń pè lọ́jọ́ náà ni kí ẹ fi sípò wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Sóyà gbọ́dọ̀ rí iná, kí iná má sì pa á

Bí mo bá ní kí n yan ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ya olùsìn tó rí èrè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó pàdánù, èyí ni. Sóyà tútù ní èròjà kan tó ń di trypsin lọ́wọ́, trypsin yìí sì ni oje inú ìfun tó ń mú purotéènì dà. Ẹja tó bá jẹ sóyà tútù yóò jẹ àjẹyó, yóò sì máa tú purotéènì náà síta bí ó ti jẹ ẹ́. Ooru ló ń pa èròjà yìí. Soya cake tó wá láti ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń ti rí ooru tó tó. Sóyà odindi tí ẹ rà lọ́jà kò rí i.

Ọ̀nà méjì ló rọrùn. Èkíní ni bíbọ̀: ẹ ṣa òkúta àti ìdọ̀tí kúrò, ẹ rẹ sóyà sínú omi fún wákàtí 8 sí 12, ẹ da omi náà nù, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko lẹ́yìn tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sá a tẹ́ẹ́rẹ́ títí hóró rẹ̀ yóò fi máa dún bí ẹ bá gé e jẹ. Omi ìrẹ tí ẹ dà nù gbé díẹ̀ nínú àwọn ṣúgà tí ẹja kò lè mú dà lọ, èyí tó jẹ́ àǹfààní mìíràn.

Èkejì ni yíyan, tí mo fẹ́ràn jù nítorí pé kò gba oòrùn lọ́wọ́ yín nígbà òjò. Agbada fífẹ̀ tí a fi ń yan gàrí dára fún un. Ẹ fi iná tí kò le jù sí i, ẹ da sóyà gbígbẹ sí i kí ó má ju ìka ọwọ́ méjì lọ ní gíga, kí ẹ sì máa rò ó láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, èèpo rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í là, òórùn ewé tútù yóò kúrò, òórùn bí ti ẹ̀pà yíyan yóò sì gba ipò rẹ̀. Ẹ mú hóró mélòó kan, ẹ là á sí méjì: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí wúrà láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín. Bí àárín bá ṣì funfun, kò tíì jinná. Bí ó bá ti di àwọ̀ dúdú bí kọfí, ó ti kọjá ààlà, nítorí pé ooru àpọ̀jù ń so lysine pọ̀ mọ́ ṣúgà tí ìfun ẹja kò fi ní lè rí i lò mọ́. Sóyà tó jóná àti sóyà tútù, adánilóró ni àwọn méjèèjì.

Ìdánwò kan wà tí kò ná yín ju ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ yúríà lọ. Sóyà tútù ní èròjà kan tó ń jẹ́ urease, tó ń sọ yúríà di amóníà, ooru tó bá pa á sì ni ooru tó ń pa èyí tó di trypsin lọ́wọ́. Ẹ lọ sóyà tí ẹ yan, ẹ bu ṣíbí díẹ̀ sínú ìgò, ẹ fi ṣíbí kékeré yúríà àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ sí i, ẹ dé e pa fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi ọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn rẹ̀ wá sí imú yín díẹ̀díẹ̀. Bí òórùn bí ti ilé ìtọ̀ bá jáde pẹ̀lú agbára, sóyà yín ṣì tútù, ẹ dá a padà sórí iná. Ẹ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú sóyà tí a kò yan lẹ́ẹ̀kan, kí imú yín lè mọ ìyàtọ̀. Ìgò náà, ẹ dà á nù. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú oúnjẹ.

Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tó ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ti ń fi sóyà ṣe irú dípò hóró irúgbá, kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ náà, Bacillus subtilis, sì ń gé purotéènì sí wẹ́wẹ́, ó ń dín àwọn ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà kù, ó sì ń fún sóyà ní òórùn tí ẹja fẹ́ràn. Bí ẹ bá bo sóyà bíbọ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí a ti ń bo irú, láìfi iyọ̀ sí i, tí ẹ sì sá a gbẹ kíákíá, ìdá 5 rẹ̀ nínú oúnjẹ máa ń mú ẹja ṣùrù bo oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣọ́ ẹ̀pà

Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà tó wá láti Brazil ṣe. Ìwádìí ikú wọn ló mú kí a mọ aflatoxin, májèlé tí olú kéékèèké tó ń mú oúnjẹ bu, Aspergillus flavus, ń tú sínú ẹ̀pà, àgbàdo àti òwú. Láàárín àkókò yẹn náà ni ẹja trout ní Amẹ́ríkà ń kó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láti inú oúnjẹ tó ní májèlé yìí. Iná kò pa á, yíyan kò pa á, oòrùn kò lè wẹ̀ ẹ́ kúrò tán. Dídènà rẹ̀ nìkan ló wà.

Bí ẹ bá ń ra GNC, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò. Bí ó bá gbóná níbẹ̀, tàbí tó dì mọ́ra, ó ti ń bu. Ẹ fọ́ ọ, ẹ wò ó bóyá àwọ̀ ewé, ti ìyeyè tàbí funfun bí òwú wà nínú rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi, kí ẹ sì pò ó: iyanrìn tí a fi ṣe àpọ̀sí yóò rì sísàlẹ̀, èèpo ẹ̀pà yóò léfòó. Kúlíkúlí àjẹkù tí wọ́n ti fi ata àti iyọ̀ sí kì í ṣe GNC. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ gbé e sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí ẹ sì lò ó tán láàárín oṣù kan ní àkókò òjò. Ẹ má rà á pamọ́ nítorí pé ó gbọ̀pọ̀ lónìí. Èròjà tó ń gbá májèlé mú, tí a ń pè ní toxin binder, wà lọ́jà, ó sì ń ran ni lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹ̀pà tó ti bu di oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìṣirò fún 100 kílò

Oúnjẹ yìí wà fún ẹja tó ti kọjá gíráàmù 200:

Soya cake (ìdá 45), kílò 38
GNC (ìdá 45), kílò 18
Sóyà odindi tí a yan (ìdá 36), kílò 12
Àgbàdo (ìdá 9), kílò 11
Ẹja lílọ̀ (ìdá 65), kílò 8
Yánmọtí tí a fún òróró rẹ̀ (ìdá 42), kílò 6
Láfún, kílò 3
DCP (èròjà tó ní calcium àti phosphorus), kílò 2
Epo pupa, kílò 1
Premix ẹja (àpòpọ̀ vitamin àti mineral), gíráàmù 500
Iyọ̀, gíráàmù 200
Methionine, gíráàmù 200
Lysine, gíráàmù 100

Ẹ fi ìdá purotéènì ohun kọ̀ọ̀kan sọ kílò rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 100, kí ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: soya cake mú 17.1 wá, GNC mú 8.1, ẹja lílọ̀ mú 5.2, sóyà yíyan mú 4.3, yánmọtí mú 2.5, àgbàdo mú 1. Ó lé díẹ̀ ní 38. Bí soya cake tí ẹ rà bá jẹ́ ìdá 42 dípò 45, ẹ ó pàdánù purotéènì tó lé ní ìdá 1, nítorí náà ó sàn kí ẹ gbé àpẹẹrẹ ọjà tí ẹ fẹ́ rà púpọ̀ lọ sí yàrá ìdánwò, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta.

Ẹ ṣàkíyèsí bí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin ìṣáájú ti wà nínú rẹ̀. Yánmọtí àti gíráàmù 200 methionine tí a rà dí àlàfo methionine. DCP dípò eegun ẹja, nítorí pé phosphorus inú sóyà wà nínú èròjà kan tó ń jẹ́ phytate, tí ìfun ẹja kò lè tú, tó sì tún ń gbá zinc mú. Enzyme phytase lè tú u, ṣùgbọ́n ooru ẹ̀rọ tó ń ṣe oúnjẹ tó ń léfòó máa ń ba phytase jẹ́, àyàfi èyí tí a fọ́n lé e lórí lẹ́yìn ooru. Kílò 8 ẹja lílọ̀ tó kù, òórùn rẹ̀ ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù sí 4 lè fi kílò 2 sí 3 eruku edé sí i, èyí tó máa ń ṣẹ́kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta edé, kí ó sì fi soya cake dí ìyókù, pẹ̀lú methionine gíráàmù 100 lé e.

Ìgbésẹ̀ keje: Lílọ̀, pípò àti títẹ̀

Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, nítorí pé ohun ọ̀gbìn tí kò kúnná máa ń gba inú ẹja kọjá láìdà. Ẹ po sóyà yíyan pọ̀ mọ́ àgbàdo kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kí òróró rẹ̀ má bàa dí ẹ̀rọ. Methionine, lysine, premix àti iyọ̀ kéré púpọ̀ sí 100 kílò. Bí ẹ bá dà wọ́n sí i bẹ́ẹ̀, ẹja kan yóò jẹ gbogbo rẹ̀, òmíràn kò ní rí nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ po wọ́n mọ́ kílò méjì àgbàdo lílọ̀, kí ẹ po ìyẹn mọ́ kílò mẹ́wàá, kí ẹ tó wá dà á mọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi omi gbígbóná ro láfún kí ó di bí àmàlà tó rọ̀, ẹ fi í po oúnjẹ náà, ẹ fi epo sí i, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ẹ̀rọ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, mílímítà 4 sí 6 fún ẹja tó kọjá gíráàmù 200. Ibi tí atẹ́gùn wà tí òjìji sì bò ni kí ẹ sá a sí, nítorí pé oòrùn àti ooru ń pa vitamin C, orí ẹja àrọ̀ tí kò rí vitamin C jẹ sì máa ń là. Ẹ béèrè irú vitamin C tí ooru kì í tètè pa nígbà tí ẹ bá ń ra premix. Ẹ ju pẹ́lẹ́ẹ̀tì mélòó kan sínú ife omi: bí ó bá tú ká kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, láfún kò tó tàbí kò jinná. Kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dì í sínú àpò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Yí ẹja padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá yí oúnjẹ padà: ìdá 25 tuntun fún ọjọ́ mẹ́ta, ìdá 50 fún ọjọ́ mẹ́ta, ìdá 75 fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tó wá di odindi. Oúnjẹ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ lásán ṣe máa ń rì, ẹ kò sì ní rí ohun tó ṣẹ́kù, nítorí náà igun kan ṣoṣo ni kí ẹ ti máa bọ́ wọn, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró nígbà tí rírú omi bá ti dínkù. Ohun ọ̀gbìn ń mú kí ìgbẹ́ ẹja pọ̀ sí i. Ẹ máa yí omi padà nígbà púpọ̀ díẹ̀ ju tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó yí gbogbo oko padà, ẹ lo táǹkì méjì tó dọ́gba, kí ẹja inú wọn dọ́gba ní iye àti ní ìwọ̀n, kí ọ̀kan máa jẹ oúnjẹ àtẹ̀yìnwá, kí èkejì máa jẹ tuntun. Ẹ kọ gbogbo oúnjẹ tí ẹ fún wọn sílẹ̀, ẹ sì wọ̀n wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún oṣù méjì. Ẹ fi iye kílò ẹja tó lé sí i pín kílò oúnjẹ tí wọ́n jẹ, kí ẹ sì fi owó kílò oúnjẹ kan sọ èsì náà di púpọ̀. Bí oúnjẹ àtẹ̀yìnwá bá jẹ́ 1,500 náírà fún kílò, tí ó sì gba kílò 1.2 láti mú ẹja kílò kan jáde, 1,800 náírà ni ẹja náà gbà. Bí tuntun bá jẹ́ 1,000 náírà, tó sì gba kílò 1.6, 1,600 náírà ni. Ẹ ti jèrè 200. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba kílò 1.9, 1,900 náírà ni, oúnjẹ tó gbọ̀pọ̀ náà ti gbé yín ṣubú. Ẹ tún ka iye ọjọ́ tí ẹja lò mọ́ ọn, nítorí pé ẹja tó pẹ́ nínú táǹkì ń jẹ owó omi àti ti òṣìṣẹ́.

Ní òpin oṣù kìíní, ẹ mú ẹja méjì láti inú táǹkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ là wọ́n. Ẹ̀dọ̀ tó dára pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ tuntun bá ṣá, tó pọ́n bí ìyeyè tàbí tó ń fọ́ lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹ̀pà yín, kí ẹ yọ GNC kúrò pátápátá, kí ẹ sì fi soya cake sí ipò rẹ̀ títí ẹ ó fi rí òmíràn rà. Bí ẹ̀dọ̀ bá dára ṣùgbọ́n tí ẹja kò wúwo, ẹ padà sí sóyà yíyan, kí ẹ ṣe ìdánwò yúríà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹja bá wá sí oúnjẹ tó sì ń tu ú jáde lẹ́nu, òórùn ló kù: ẹ fi eruku edé tàbí sóyà tí a bò bí irú lé e ní ìdá 2, kí ẹ sì wọ̀n wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.